Aṣojú Bódìjà Tó Lọ Wẹ Ọmọ ní Brasil

Agogo mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Bódìjà ti ń kan ìlẹ̀kùn mi. Mo rò pé ó wá dágbére fún mi ni. Àṣé lẹ́tà ló gbé wá. Ó ti kì í sínú àpòòwé ńlá, ó tẹ òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ mọ́ ọn lára níbi mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sí ìjọba orílẹ̀-èdè Brasil. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa ra tàǹsífọ́mà, nítorí pé tiwa ti jóná láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé èmi tí mo gbé lẹ́tà náà dání ni aṣojú àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní, "Alága, ọmọ ni mo ń lọ wẹ̀ o."

Ó ní òun mọ̀, pé ṣebí ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ń lọ, kí ló wá burú níbẹ̀ tí mo bá fi ọwọ́ kan ṣe nǹkan méjì. Mo ki lẹ́tà bọ àpò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alága wa mọ̀ pé ẹni tó bá bá a jiyàn ní ìdájí, ọkọ̀ òfurufú á fò lọ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ méjì ni mo bí. Èyí ọkùnrin ló kọ́kọ́ gbéyàwó, ṣùgbọ́n ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ìyá ìyàwó ti dé ilé ìwòsàn kí n tó rí bàtà wọ̀. Bó ṣe ṣe nìyẹn lórí gbogbo ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì rí ìkankan wẹ̀ nínú wọn. Ó ku Tolú, ọmọbìnrin mi. Nígbà tó ń kàwé tó ń gbé Agbowó ló pàdé Rafael, ọmọ Brasil kan tó wá ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ oko. Wọ́n fẹ́ ara wọn, wọ́n kó lọ sí Porto Alegre, ìlú kan ní ìsàlẹ̀ Brasil níbi tí òtútù wà. Ó wá bí ọmọbìnrin báyìí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ jáde, Tolú sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ̀ẹ̀kan ló tán, òun ò bí òmíràn mọ́. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Bí n kò bá wẹ ọmọ yìí, á jẹ́ pé n kò ní wẹ ọmọ ọmọ kankan títí tí mo fi máa kú nìyẹn. Ìyá mi ló wẹ Tolú nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Mọ́kọ́lá, mo sì ṣèlérí fún wọn lójú ayé wọn pé èmi náà á ṣe é.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù físà. Ó ní àyè fún ẹni tó ń lọ ṣòwò, ó ní àyè fún ẹni tó ń lọ kàwé, ó ní àyè fún ẹni tó ń lọ gbafẹ́. Kò sí àyè fún ẹni tó ń lọ wẹ ọmọ. Mo fàmì sí ìgbafẹ́. Ẹni tó bá ti jí wẹ ọmọ tuntun rí ló mọ irú irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ náà.

Músílíù ni dẹ́rẹ́bà tó gbé mi, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rùn-ún náírà ló gbà láti Bódìjà dé pápá ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. A gba Mọ́kọ́lá kọjá, Dùgbẹ̀ ṣófo bí ilé ìwé nígbà ìsinmi, a gba Ring Road dé Ṣálẹ́ńjì, níbi tó ti ra epo, kí a tó bọ́ sí ọ̀nà Èkó. Ọ̀nà náà dára jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí mo ti ń gbọ̀n jìgìjìgì jù ni láti iwájú ilé mi dé títì Bódìjà. Ní Ògèrè a ra ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Músílíù bi mí bóyá àwọn ará Brasil kì í wẹ ọmọ tiwọn ni. Mo ní wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, ta ló máa wá nà án? Ó ní òótọ́ ni, pé ẹ̀gbọ́n òun kan ní London kò na ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò mọ bọ́ọ̀lù gbá títí di òní.

Addis Ababa ni ọkọ̀ òfurufú kọ́kọ́ gbé wa lọ. Ẹ wò ó o, ìlà oòrùn ni ibẹ̀, ìwọ̀ oòrùn ni Brasil. Bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Dùgbẹ̀ láti Bódìjà tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ gba Ìwó lọ. Láti ibẹ̀ a wá la òkun kọjá, ó di São Paulo. Aṣọ́bodè kan ní kí n ṣí báàgì mi, ó sì bá ọṣẹ dúdú, òrí àti kànrìnkàn níbẹ̀. Ó gbé ọṣẹ náà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé kí ni. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ wọn díẹ̀ lórí fóònù, mo ní "sabão", ìyẹn ni ọṣẹ. Ó tún wo ọṣẹ, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ. Mo ra àkàrà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pão de queijo, pákí tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n fi wàràkàṣì pò tí wọ́n yan. Owó wọn méjìlá ni mo ra ìwọ̀nba tí ọwọ́ kan lè bò, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tiwa. Ó dùn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ iye tí wọ́n ń ta pákí ní ọjà Bódìjà, inú á bí yín díẹ̀.

Òtútù Porto Alegre kì í ṣe òtútù ọyẹ́. Èéfín ń jáde lẹ́nu mi bí ìgbà tí omi ń hó. Rafael wá pàdé mi, ó gbé mi dé ilé àwọn òbí rẹ̀, níbi tí òun àti Tolú ń gbé títí ara Tolú á fi yá. Ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí ọmọ nìyẹn. Bàbá Rafael ń jẹ́ Augusto, ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Lúcia, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Dona Lúcia. Dona yìí, bí ìgbà tí a bá fi Màmá ṣáájú orúkọ àgbà obìnrin ni.

Augusto ti ṣiṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, ó sì lo ọdún mẹ́rin ní Èkó nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì fi yé ara wa, òyìnbó la jọ ń sọ. Àwòrán ló kún ògiri rẹ̀: Augusto ń bọ̀wọ́ pẹ̀lú alágbádá kan, Augusto ń bọ̀wọ́ pẹ̀lú alágbádá mìíràn, Augusto ń fọwọ́ sí ìwé. Ó ka gbogbo ìwé tó fi ọwọ́ sí láàárín orílẹ̀-èdè wa méjèèjì fún mi: àdéhùn pé a ó máa ṣèpàdé, àdéhùn lórí ibi tí a ó ti máa ṣe é, àti ìkéde pé ìpàdé náà lárinrin. Mo bi í pé kí ló wá ti ibẹ̀ jáde. Ó rò ó dáadáa, ó ní ìbáṣepọ̀ tó dán mọ́rán.

Ibi tí ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n ní ohun mímu kan tí wọ́n ń pè ní chimarrão, ewé ni, wọ́n á kó o sínú igbá kékeré, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé á fi máa fà á mu, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Dona Lúcia na igbá sí mi. Òtútù ń gbọ̀n mí, omi gbígbóná yẹn ni ọkàn mi ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí wọ́n kọ́ nílé á dé ilé àna, wọ́n á fi nǹkan lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì gbà á? Mo ní ẹ ṣé, ẹ má ṣèyọnu. Ó ní ó dáa. Ó gbé igbá fún Rafael. Igbá náà yí gbogbo ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò padà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó di oúnjẹ, ẹran màlúù tí wọ́n sun, ìrẹsì, ẹ̀wà dúdú. Wọ́n bi mí bóyá máa jẹ. Mo ní mo ti yó nínú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n gbé àwo mi kúrò nílẹ̀. Ẹ̀pà tí mo rà ní Ògèrè ló gbà mí lọ́jọ́ náà, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti jẹ ẹ́ tán.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́gbọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ kẹfà ọmọ, Augusto pe ìpàdé. Tolú ń sùn, Rafael ti lọ síbi iṣẹ́, ó ku àwa àgbà mẹ́ta. Mo dé ìdí tábìlì, mo bá àsíá kékeré méjì lórí rẹ̀, tiwa àti tiwọn, ó tún to ìwé kalẹ̀ síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ètò ìpàdé ni. Èkíní, àkókò tí àlejò lè wá kí ìyá ọmọ. Èkejì, ta ni á máa dáná. Ẹ̀kẹta, ọmọ wíwẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí pé ilé àna ni mo wà.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, Augusto bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní láti ilé ìwòsàn ni ìyàwó òun ti ń wẹ ọmọ, ṣé ó wù mí kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi lábẹ́ tábìlì. Ẹnu mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ ọ. Mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ lọmọ. Ibi tí ẹ bá fi mí sí ni mo wà. Ẹ má jẹ́ kí n dà yín láàmú."

Tó bá jẹ́ ní Bódìjà ni, gbogbo ilé ni ì bá pariwo mọ́ mi. Wọ́n á ní ká má rí i, ta la fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá wà níkàlẹ̀. Èmi náà á tún kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ mí, ìyá ọkọ á fẹ́ kúnlẹ̀, n óò wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú, n óò sì so ìró mi le. Augusto kò bẹ̀ mí. Ó ní inú rere mi pọ̀ gan-an, ó ṣí kálámù, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ti Nàìjíríà yọ̀ǹda ọmọ wíwẹ̀ fún ìyá ti Brasil. Ó na ìwé sí mi kí n fọwọ́ sí i. Ojú ti ká mi mọ́. Mo fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí gbọọrọ bí mo ṣe máa ń ṣe é sí káàdì èsì ìdánwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí Dona Lúcia ṣe ń wẹ ọmọ ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ ti nǹkan kan bọ inú omi láti mọ bó ṣe gbóná sí. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tí a kò lè fi po ẹ̀kọ gan-an. Ó ń rọra nù ún bí ẹni ń fọ gíláàsì. Kò nà án lápá, kò nà án lẹ́sẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ lórí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ọ̀hún rèé lẹ́nu ọ̀nà, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. N kò lè sọ pé obìnrin náà burú. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó ń kọrin fún un. Inú ń bí mi sí i bó ṣe ń kọrin. Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún.

Ọjọ́ keje náà tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Tolú pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń mókun díẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò wẹ ọmọ mi? Wọ́n ní ẹ ní ẹ ò fẹ́."

"Èmi? Mo ní n ò fẹ́? Wọ́n kàn bi mí ni, mo sì dá wọn lóhùn bí ọmọ gidi ṣe ń dáhùn. Àwọn ni wọn ò bẹ̀ mí."

"Wọn kì í bi ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì níbí. Tí ẹ bá ti ní rárá, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un ni."

Mo ní irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn, ọ̀wọ̀ tó ń fi ebi pa ènìyàn. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé mo fẹ́. Mo ní ṣé ẹnu mi ni n óò fi máa tọrọ ọmọ ọmọ mi? Tolú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti lóyún ni òun ti ń retí ọwọ́ mi lára ọmọ yìí. Ó ní, "Màámi, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo fi ẹnu ara mi kọ́ ọ ní òwe náà.

Mo bi í báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé mo fẹ́ ní èdè wọn. Ó ní "eu quero". Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo dúró síwájú dígí, mo ń sọ ọ́. Àti Yorùbá àti òyìnbó, n kò rántí ìgbà tí mo sọ irú rẹ̀ kẹ́yìn láìkọ́kọ́ fi "ẹ má ṣèyọnu" ṣáájú. Ó le lẹ́nu mi ju gbogbo èdè wọn yòókù lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mo wọ ilé ìdáná. Dona Lúcia ti gbé bàsíà dání. Augusto wà nídìí chimarrão rẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo ní, "Eu quero." Mo tọ́ka sí ọmọ, mo tọ́ka sí bàsíà, mo tún sọ ọ́. N kò tẹrí ba, n kò fi ẹ jọ̀wọ́ kún un.

Augusto dìde, ó ní a ti fọwọ́ sí ìwé, a ní láti pe ìpàdé mìíràn láti yí i padà, bóyá ọjọ́ Ajé. Ó lọ wá fáìlì. Dona Lúcia kò dúró de ọjọ́ Ajé. Ó wo ojú mi, ó gbé bàsíà lé mi lọ́wọ́, ó sì mú aṣọ ìnura tó wà léjìká rẹ̀, ó fi kọ́ tèmi. Bí àdéhùn orílẹ̀-èdè méjì ṣe fọ́ nìyẹn, Augusto ṣì ń wá fáìlì.

Mo jókòó lórí àga kúkúrú, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Mo lo omi tó gbóná bó ṣe yẹ, mo fi kànrìnkàn ho ọṣẹ dúdú, mo wẹ orí, mo wẹ ọrùn, mo wẹ abẹ́ apá níbi tí wàrà ti gbẹ sí. Mo na apá rẹ̀, mo ká a kọjá àyà, mo ká ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ikùn. Mo tẹ orí rẹ̀ bí ìyá mi ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo dì í mú lábẹ́ apá tí mo gbọ̀n ọ́n sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Dona Lúcia ké pe Màríà Ìyá Olúwa, Augusto sáré wọlé tòun ti fáìlì. Ọmọ náà kò ké. Ó yán, ó wò mí. Mo fi òrí pa á lára, mo pè é ní Àbẹ̀kẹ́, omijé mi ń kán sínú bàsíà, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àbẹ̀kẹ́ sùn láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Wọ́n ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bóyá ó ń mí.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó gbé omi kaná, mo bá Dona Lúcia lórí àga kúkúrú yẹn. Ó ti na ẹsẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó wò mí, ó ní, "Eu quero." Lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ṣe mí bíi pé kí n jẹ́ kó bẹ̀ mí díẹ̀, mo mú un mọ́ra. Mo kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń wẹ ọmọ náà, èmi láàárọ̀, òun nírọ̀lẹ́, mo sì ń mu chimarrão débi pé èmi ni mo ń béèrè igbá. Augusto jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ pé gbogbo ìwé tí òun ti fọwọ́ sí láyé òun, kò sí èyí tó wẹ ọmọ kan.

Mo ti gbé lẹ́tà Alága fún un, ó sì dáhùn rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó fi ríbọ́ọ̀nù dì í.

Músílíù ló wá gbé mi ní Ìkẹjà, ó ti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé owó, ó ní epo. Ọ̀sán la wọ Ṣálẹ́ńjì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì mú wa ní Ring Road dé Dùgbẹ̀. Tàǹsífọ́mà wa ṣì wà lórí òpó bó ṣe jóná sí. Nítorí pé iṣẹ́ aṣojú ni iṣẹ́ aṣojú, mo ya ilé Alága kí n tó ṣí ilé mi.

Mo bá a nídìí oúnjẹ. Iyán ni, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́ kan ṣoṣo jókòó sórí rẹ̀. Mo fún un ní lẹ́tà, ó nu ọwọ́, ó tú ríbọ́ọ̀nù, ó kà á sókè: pé wọ́n gba ìwé wa tọwọ́tẹsẹ̀, pé a ó gbé ìgbìmọ̀ dìde tí yóò ronú lórí ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí rẹ̀. Inú Alága dùn débi pé ó pe ìyàwó rẹ̀ láti yàrá. Ó ní ẹ wò ó, ìjọba ti dáhùn, òun máa fi gíláàsì sí i, òun máa gbé e kọ́. Ó kí mi kú iṣẹ́ takuntakun. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí iyán rẹ̀, ó ní bí gbogbo wa ṣe ń wí, "Màmá Tolú, ẹ wá jẹun."

Ẹ mọ ìdáhùn náà. Á gba ibi ire, kí n sì máa lọ sílé pẹ̀lú ebi. Mo rántí ọjọ́ kẹfà àti ọjọ́ keje Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ méjì tí mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní padà wá mọ́.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Alága. Mo fẹ́."

Mo fa àga, mo fọ ọwọ́. Ọwọ́ Alága dúró lójú afẹ́fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin náà jà fitafita láti ṣe bí ọmọlúàbí, ó rí ẹ̀rín músẹ́ kan fà yọ, ó sì ní kí n mú ẹran.

Mo mú un.